Físà Iṣẹ́ Tàbí Físà Òkòwò: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Yóò Wà?

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá kó ìwé wọn wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lọ bá amòfin, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé nínú físà iṣẹ́ àti físà òkòwò, èwo ló yá jù, èwo ló sì ń náni lówó jù. N kì í sọ pé ìbéèrè náà kò ṣe kókó, nítorí owó kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí mo máa ń fi ṣáájú rẹ̀: lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà, ta ló lè gba físà náà lọ́wọ́ yín? Bí ó bá jẹ́ físà iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí ó bá jẹ́ físà olùdásílẹ̀ iṣẹ́, àjọ tó fọwọ́ sí èrò yín ni. Bí ó bá sì jẹ́ físà ìdókòwò pọ́ńbélé, owó yín àti àwọn ìwé tó sọ ibi tí owó náà ti wá ni. Ọwọ́ mẹ́ta ni wọ́n, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni kò jọra.

Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe ìfiwéra yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tí a ní pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà kọjú sí. Kí ọ̀rọ̀ lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo tọkọtaya kan ní Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ó ti lo ọdún mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ ń ta ẹ̀rọ sólà, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Ọmọ wọn jẹ́ méjì. Ọkọ gbà pé owó òun ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn, torí náà físà òkòwò ló ń wá kiri. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlú Ọba: ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ló gbà yín sílùú

Físà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker ti wà láti oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ó rọ́pò Tier 2 àtijọ́. Agbanisíṣẹ́ tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjèjì, ti fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè mú àjèjì wọlé lábẹ́ rẹ̀, ohun tí agbanisíṣẹ́ náà sì máa ń fún ẹni tó bá gbà ni Certificate of Sponsorship, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CoS.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí CoS yìí, nítorí òun ni wọ́n fi ń lu ènìyàn ní jìbìtì jù. Wọn a fi ìwé kan tó ń dán hàn yín, tó ní òǹtẹ̀ pupa àti àmì adé lórí, wọn a ní CoS nìyẹn. Irọ́ ni. CoS kì í ṣe ìwé tí à ń tẹ̀ jáde fi ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Àkọsílẹ̀ ni nínú kọ̀ǹpútà Home Office, nọ́ńbà rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, láàárín oṣù mẹ́ta péré ni òṣìṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yẹn béèrè físà kí ó tó di òfo. Orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà lórí ìkànnì ìjọba ilẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Bí orúkọ iléeṣẹ́ kan kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìyẹn kò tíì sọ pé iṣẹ́ wà fún yín, nítorí ajẹ́ńtì náà mọ ọ̀nà ìkànnì yẹn bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì lè ya orúkọ iléeṣẹ́ gidi lò.

Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni ẹnu ọ̀nà yìí ti fún gan-an. Owó ọdún kan tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú wọlé di £41,700, tàbí iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí èyí bá ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ tó ohun tí ẹni tó jáde yunifásítì ń ṣe, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gbà kọjá ní ọdún 2022 àti 2023. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè gun òkè láti ìpele B1 sí ìpele B2 tó le jù ú lọ. Bí ajẹ́ńtì kan bá ṣì ń ta iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó fún ẹni tó wà ní Ṣàgámù, ohun tó ti kú ló ń tà.

Nọ́ọ̀sì kò sí nínú àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Abẹ́ ẹ̀ka Health and Care ni ó bọ́ sí, níbi tí iye owó oṣù ti ń tẹ̀lé ìwọ̀n tí NHS, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, fi lélẹ̀, tí owó físà ti kéré, tí wọn kì í sì í gba owó ìlera tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fi ọkàn sí. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ilé ìwòsàn má ṣe lọ kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, kí ilé ìwòsàn tiwọn má baà ṣófo. Nọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ tí wọ́n kéde kí ó sì béèrè fún un, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá gbé tábìlì kalẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, tó ní ilé ìwòsàn kan ló rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, ó yẹ kí ẹ bi í ní ìbéèrè kí ẹ tó fún un ní fọ́tò pásípọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Agbanisíṣẹ́ ló di kọ́kọ́rọ́ mú, mo ti sọ ọ́. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, tàbí tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, Home Office sábà máa ń gé físà náà kù sí 60 ọjọ́, kí òṣìṣẹ́ fi wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi kan. Ó ti san owó ńlá fún ajẹ́ńtì kan tí n kò ní í dárúkọ, ó dé ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó fi ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá gba ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ náà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni aago ọgọ́ta ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún. Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin ti sọ tẹ́lẹ̀ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yí owó tí ìjọba ń gbà lórí gbígba àjèjì síṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lórí, láti ìparí ọdún 2024 ni wọ́n sì ti fi owó ìwé àṣẹ àti owó CoS kún ohun tí wọn kò gbọdọ̀ gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra CoS ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín.

Físà olùdásílẹ̀ iṣẹ́: kì í ṣe owó ni wọ́n ń wò

Ọkọ wa ní Ìbàdàn ti gbọ́ pé olówó lè fi £2,000,000 wọ ìlú Ọba. Òótọ́ ni, tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ti ilẹ̀kùn físà olùdókòwò yẹn pa, ojú ẹsẹ̀ ni, wọ́n sì sọ pé nítorí ààbò àti owó tí orísun rẹ̀ kò mọ́ ni. Ohun tó kù fún ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni Innovator Founder, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Físà tó wà ṣáájú rẹ̀ ń béèrè £50,000. Èyí kò dá iye kankan, ó kàn ní kí owó náà tó ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ìyẹn, inú wọn dùn, wọn kò ka ìyókù.

Ìyókù ni pé àjọ kan tí ìjọba yàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé èrò yín jẹ́ tuntun, pé ó ṣeé ṣe, àti pé ó lè dàgbà dé ibi tí yóò ti gba ènìyàn síṣẹ́ tí yóò sì tà kọjá àdúgbò kan. Ẹni tó fẹ́ ṣí búkà àmàlà sí Peckham lè jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀, gbẹ̀gìrì rẹ̀ lè máa fa ènìyàn láti Woolwich, ṣùgbọ́n búkà àmàlà ti pọ̀ ní Peckham, wọn kò ní í fọwọ́ sí i. Títa ẹ̀rọ sólà tí ẹlòmíràn ṣe náà kì í ṣe ohun tuntun. Bí ọkọ wa bá ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń san owó ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù, tó sì lè ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí irú rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni wọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kì í ṣe ẹni tó bá a kọ ètò ìṣòwò náà. Mo ti rí ètò ìṣòwò ogójì ojú ìwé tí ẹni tó ni ín kò lè sọ ohun tó wà lójú ìwé kẹta.

Owó àjọ náà jẹ́ £1,000 láti yẹ èrò wò, àti £500 fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá dé, kò sì gbọdọ̀ dín sí ìpàdé méjì. Ìpàdé wọ̀nyí ni kọ́kọ́rọ́ náà. Bí àjọ bá rí i pé iṣẹ́ kò sí nílẹ̀ mọ́, ó lè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, Home Office yóò sì gbọ́. Síbẹ̀, àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí físà iṣẹ́ kò ní: ọdún mẹ́ta ni ẹni tó bá pé ìwọ̀n fi lè béèrè ìwé ìgbélùú títí láé, nígbà tí Skilled Worker jẹ́ ọdún márùn-ún, tí ìjọba sì ti kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 pé òun fẹ́ sọ ọdún márùn-ún náà di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Global Talent ni ẹ̀kẹta, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, àwọn òṣèré àti ayàwòrán, àti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ayé ti mọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí agbanisíṣẹ́ tó di okùn wọn mú, wọ́n sì lè dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí kí ẹ tó wo èyí tó kù, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ yín.

Owó tí kì í sí nínú ìpolówó

Owó físà gan-an kọ́ ni ó máa ń mú orí ẹni wú. Owó ìlera ni, èyí tí ìjọba ń gbà kí àjèjì lè lo ilé ìwòsàn ìjọba. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, £1,035 ni àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń san fún ọdún kan, ọmọdé sì ń san £776, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún tí físà bá fẹ́ lò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tọkọtaya wa pẹ̀lú ọmọ méjì: £3,622 lọ́dún kan. Bí ọkọ bá fi Innovator Founder ọdún mẹ́ta lọ, £10,866 ni wọn yóò ti san kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Bí ìyàwó bá fi físà nọ́ọ̀sì lọ, kò sí owó ìlera lórí òun, lórí ọkọ rẹ̀, tàbí lórí àwọn ọmọ.

Owó ìgbọ́bùkátà tún wà, tó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko: £1,270 fún ẹni tó ń béèrè físà, £285 fún ọkọ tàbí ìyàwó, £315 fún ọmọ àkọ́kọ́, £200 fún ọmọ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £2,070. Agbanisíṣẹ́ lè fi í sínú CoS pé òun yóò gbọ́ bùkátà oṣù àkọ́kọ́, ìyẹn á sì gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi náírà pa owó náà mọ́, kí ó fi lé e dáadáa. Iye tí náírà jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀, owó tó pé géérégé lọ́jọ́ kìíní sì lè ti dín lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Báńkì tó yọ owó ìsọfúnni ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan náà lè da gbogbo rẹ̀ nù.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kan gbogbo ẹni tó ń lọ láti Nàìjíríà fún ìgbà tó ju oṣù mẹ́fà lọ, físà yòówù kó jẹ́.

Amẹ́ríkà: ibi tí pásípọ́ọ̀tì ti ń sọ̀rọ̀ ju owó lọ

H-1B ni físà iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Àyè 65,000 ni ó wà fún un lọ́dún, pẹ̀lú 20,000 fún àwọn tó gba oyè kejì ní yunifásítì ilẹ̀ náà. Agbanisíṣẹ́ á forúkọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta, wọn á mú nínú orúkọ, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Lọ́tìrì lásán ni tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2026, wọ́n ti yí i padà kí orúkọ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ga lè ní àyè jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Trump kéde pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ mú ẹni tuntun láti ìta wọlé yóò san $100,000, fún oṣù 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ ná. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábàá pé kí wọ́n má ṣe fi ìrètí kọ́ ọ̀nà yìí. Iléeṣẹ́ tí yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tí kò tíì fojú rí kò pọ̀.

Físà ìdókòwò méjì, E-2 àti EB-5, ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò jọra rárá.

E-2 kò dá iye owó; ó ní kí owó náà pọ̀ ní ìwọ̀n irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ ti kó o sínú iṣẹ́ náà débi pé ó lè ṣòfò bí iṣẹ́ bá wó, kí iṣẹ́ náà sì mú wọlé ju ohun tí ìdílé kan yóò jẹ lọ. Ẹ lè máa tún un ṣe títí láìsí òpin, ṣùgbọ́n kì í sọni di onígíríìn káàdì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè béèrè rẹ̀: ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn òwò tó fàyè gba físà yìí nìkan ni. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Orílẹ̀-èdè Benin kò sí níbẹ̀, Brazil náà kò sí níbẹ̀. Togo wà níbẹ̀ láti ọdún 1967. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ọmọ Ànà, ẹ̀yà Yorùbá tó wà ní Togo, tó ń ta aṣọ ní Atakpamé lè dúró níwájú òṣìṣẹ́ físà kí ó béèrè E-2, nígbà tí oníṣòwò ará Abẹ́òkúta tó lówó jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, àti ará Kétu ní Benin tí wọ́n jọ ń sọ Yorùbá, kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ rárá. Ẹni tó fa ààlà ilẹ̀ wa kò mọ̀ pé físà ló ń fà. Ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń gbé níbẹ̀ lè béèrè rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àdéhùn wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra pásípọ́ọ̀tì Grenada, tó wà nínú àdéhùn náà, kí ẹ fi béèrè E-2. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ nígbà kan ni. Láti ìparí ọdún 2022, òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó fi ìdókòwò di ọmọ orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ó tó béèrè. Ajẹ́ńtì tí kò bá mẹ́nu ba ọdún mẹ́ta yẹn kò yẹ ní ẹni tí à ń fún lówó.

EB-5 ni èkejì, òun ló ń mú gíríìn káàdì wá: $800,000 bí iṣẹ́ náà bá wà ní ìgbèríko, níbi tí àìríṣẹ́ṣe ti pọ̀, tàbí nínú iṣẹ́ amáyédẹrùn ìjọba, $1,050,000 bí ó bá wà níbòmíràn, kí owó náà sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ènìyàn mẹ́wàá. Ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Òfin ọdún 2022 tó gbé iye wọ̀nyí kalẹ̀ ti sọ pé wọn yóò tún un ṣírò ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027. Ẹ wo ohun tí náírà ti fi ojú wa rí lórí èyí: kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 lójú ìjọba, $800,000 jẹ́ mílíọ̀nù 368 náírà, nígbà tí dọ́là dé ₦1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù. Owó ilé méjì di owó àdúgbò kan.

Ẹni tó bá tiẹ̀ ní owó náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìkéde tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 dá físà àwọn tó fẹ́ lọ gbé títí dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, pẹ̀lú físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́. EB-5 bọ́ sábẹ́ ti àwọn tó fẹ́ lọ gbé títí. H-1B àti L-1 kò sí nínú rẹ̀.

L-1 yẹn ni mo rò pé àwọn oníṣòwò wa kì í kà sí tó. Físà iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n oníṣòwò ló wúlò fún jù. Bí ọkọ wa bá ní iléeṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lóòótọ́, tó sì ti ṣe ọ̀gá níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá, iléeṣẹ́ náà lè ṣí ẹ̀ka sí Houston kí ó sì rán an lọ darí rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ẹ̀ka tuntun, àpapọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá sì lè dé ọdún méje. Kò sí lọ́tìrì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tirẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ní Ìbàdàn kò dákẹ́ lẹ́yìn tó lọ, nítorí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ibi tí owó ti wá

Físà iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rí owó. Físà ìdókòwò kò ní ìbéèrè tó ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ olówó gidi ti ń kọsẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọ́n jalè, bí kò ṣe nítorí pé ọ̀nà tí àwa ń gbà kó owó jọ kì í fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí ní Àkànrán gba owó lọ́wọ́ ní kẹ́ẹ̀ṣì, mọ́gàjí fọwọ́ sí ìwé, àwọn ẹbí jẹ́rìí, gbogbo àdúgbò mọ̀. Òṣìṣẹ́ físà kò mọ mọ́gàjí. Ohun tí yóò béèrè ni ìwé ilẹ̀, ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, ìwé àdéhùn títà, àkọsílẹ̀ báńkì tó fi owó náà hàn bí ó ti wọlé, àti owó orí tí ẹ san lọ́dún náà.

Mo ti gbé káàdì àjọ kan dání rí, tí obìnrin kan fi ọdún mọ́kànlá kó owó jọ pẹ̀lú alájọ kan náà ní ọjà Bódìjà: àmì bírò búlúù nínú àpótí kéékèèké, oṣù lẹ́yìn oṣù, etí káàdì náà ti gbó. Ẹ̀rí òtítọ́ tó ju ìyẹn lọ kò sí lójú tèmi. Ṣùgbọ́n amòfin tí a fi hàn ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tó bá gbà lọ́wọ́ alájọ sí báńkì lọ́jọ́ tó bá gbà á, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sí i, kí ó sì máa san owó orí lórí ọjà rẹ̀, ó ní lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni a tó lè padà wá sọ̀rọ̀ ìdókòwò. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá bá fún yín lówó, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀bùn, wọn yóò sì tún béèrè bí ẹni tó fún yín ṣe rí i. Ẹni tó bá ń ro físà ìdókòwò fún ọdún márùn-ún sí i, ìwé ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ báyìí.

Àwọn tó ń sọ pé kí a yà sí Yúróòpù, kí a ra ilé gba ìwé ìgbélùú, ti pẹ́ díẹ̀. Portugal yọ ilé rírà kúrò nínú ètò tirẹ̀ ní ọdún 2023, Spain sì fòpin sí tirẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ìdílé ní Ìbàdàn

Ohun kan kù tí ìfiwéra ọlọ́kọ̀ọ̀kan kì í fi hàn. Físà máa ń fún ẹni tó tẹ̀ lé ẹni lọ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ẹ̀tọ́ yìí sì yàtọ̀ láti físà kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ tàbí ìyàwó ẹni tó ní L-1 tàbí E-2 lè ṣiṣẹ́ láìtún gba ìwé àṣẹ mìíràn, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní H-1B sábà máa ń jókòó sílé fún ọdún gbọọrọ. Ní ìlú Ọba, láti ọdún 2024 ni wọn kò ti gbà kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mú ìdílé wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì lè mú tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì lè ṣiṣẹ́ tó bá wù ú, tàbí kí ó forúkọ iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì máa tajà, láìsí àjọ afọwọ́sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè bóyá èrò rẹ̀ jẹ́ tuntun.

Nítorí náà, bí wọ́n bá jókòó síwájú mi, ìyàwó ni n ó kọ́kọ́ kọjú sí, n ó sì bi í bóyá ó ti ṣe apá kìíní ìdánwò NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà níhìn-ín. Bí ó bá ti ṣe é, iṣẹ́ tó kù ni kí ó wá ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà á fúnra rẹ̀, kò sì rọrùn bíi ti ọdún 2022, nítorí àwọn tó ń gbà láti òkèèrè ti dín kù. Ọkọ yóò pa ṣọ́ọ̀bù kan tì, yóò fi èkejì sílẹ̀ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀lé, kí ìwé owó orí iléeṣẹ́ náà má baà dá dúró, torí ìwé yẹn ni yóò fi béèrè L-1 bí ìlú Ọba bá kọ̀ fún wọn. £10,866 tí wọn ì bá san fún owó ìlera yóò dúró sí báńkì, òun ni yóò sì fi ra ẹ̀rọ sólà àkọ́kọ́ tí yóò tà ní Manchester.